Kẹ̀kẹ́ Pápá Tuntun Láti Ilé Iṣẹ́: Mo Tú U, Mo Wọ̀n Ọ́n, Mo Tún Un Tò

Kẹ̀kẹ́ pápá náà, irú tí a fi ń díje lórí fẹ́lódíróòmù (pápá eré kẹ̀kẹ́ tó yípo), dé nínú páálí. Wíìlì ẹ̀yìn ti wà lára férémù, wíìlì iwájú àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n dì mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Férémù alumíníọ̀mù ni, fọ́ọ̀kì káàbọ̀nù. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì (àwo eléyín tí ṣéènì ń gba orí rẹ̀) iwájú ní eyín 48, ti ẹ̀yìn ní 16, kíráǹkì (apá irin tí a de pẹ́dáálì mọ́) jẹ́ 165 mm, táyà jẹ́ 700×23C. Kò ní bíréèkì, kò ní jíà tí a ń yí, kò sì ní fíríwíìlì. Ìwé tó bá a wá ní kí n de ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, kí n fún táyà látẹ́gùn, kí n sì máa gùn ún lọ. Mi ò gùn ún. Mo kọ́kọ́ tú u ná.

Lórí kẹ̀kẹ́ tó ní fíríwíìlì, iwájú nìkan ni ṣéènì ń fa wíìlì sí. Bí ẹsẹ̀ bá dúró, ṣéènì náà á sinmi. Lórí èyí, bí wíìlì bá ti ń yí, pẹ́dáálì gbọ́dọ̀ máa yí. Ẹsẹ̀ ẹni tó gùn ún ló ń mú un sáré, ẹsẹ̀ yẹn náà ló ń dá a dúró. Gbogbo agbára ìdádúró náà ń gba ara ṣéènì, sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, lọ́kìríìnì (òrùka tó ń ti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn pa) àti nọ́ọ̀tì méjì tó di wíìlì ẹ̀yìn mú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀, kò sí ohun mìíràn lọ́wọ́ tí a lè fà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀dà àti ìwúwo fi jẹ́ nǹkan kékeré nínú àkọsílẹ̀ yìí, tí ṣéènì àti ìdí wíìlì ẹ̀yìn sì gba ibi tó pọ̀ jù.

Irinṣẹ́ tí mo lò: òṣùwọ̀n tí a ń fi kọ́ nǹkan, fẹ́níà (irin tí a fi ń wọn nǹkan kékeré), téèpù, okùn tín-ín-rín tí kì í nà, sípánà 15, sípánà pẹlẹbẹ fún kónù (irin tó ń di bọ́ọ̀lù béárìn wíìlì mú), kọ́kọ́rọ́ sípóòkù, álẹ́ẹ̀nì kíì, sípánà oníkọ́ fún lọ́kìríìnì, pàṣán ṣéènì (irin gígùn tí a de ègé ṣéènì mọ́ lórí), irin tí a fi ń yọ kíráǹkì, sípánà tó ń ka agbára ìlọ́ ní Nm, gíríìsì àti aṣọ ìnuwọ́ tó pọ̀.

1. Ìwọ̀n àkọ́kọ́

Ìwé wọn ní 7.9 kg. Òṣùwọ̀n mi ní 8.2 kg, mi ò sì tíì de pẹ́dáálì mọ́ ọn. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Férémù tó kéré jù ni wọ́n sábà máa ń gbé sórí òṣùwọ̀n kí wọ́n tó kọ iye sínú ìwé. UCI, ẹgbẹ́ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, kò gbà kí kẹ̀kẹ́ ìdíje fúyẹ́ ju 6.8 kg lọ, a kò sì tíì sún mọ́ ibẹ̀.

Fífẹ̀ ẹnu férémù lẹ́yìn, níbi tí ọ̀pá wíìlì ti ń wọlé, jẹ́ 120 mm. Ti fọ́ọ̀kì jẹ́ 100 mm. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nítorí náà wíìlì pápá èyíkéyìí ló máa bá a mu lọ́la. Láti ilẹ̀ dé àárín ìdí kíráǹkì, níbi tí ọ̀pá kíráǹkì ti gba inú férémù kọjá, jẹ́ 280 mm. Òfin UCI fún un láyè láti 240 dé 300. Bí kíráǹkì bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, láti àárín ihò pẹ́dáálì dé ilẹ̀ jẹ́ 115 mm. Ẹni tí kò tíì gun fẹ́lódíróòmù rí lè má rí ìdí tí mo fi wọn ìyẹn. Lórí pápá onímítà 250, ojú ọ̀nà ń dà sí ẹ̀gbẹ́ ju ìwọ̀n 40 lọ ní ìyànà, apá òsì la sì máa ń yà sí. Bí eré bá lọ sílẹ̀, kẹ̀kẹ́ á nàró ju bí ojú ọ̀nà ṣe dà lọ, pẹ́dáálì ọ̀tún tó kọjú sí òkè ìdagun ló sì máa kọ́kọ́ kan igi tí wọ́n fi tẹ́ pápá. Ìdí nìyẹn tí ìdí kíráǹkì kẹ̀kẹ́ pápá fi ga, tí kíráǹkì rẹ̀ sì fi kúrú. Èyí yege.

2. Férémù

Mo so okùn mọ́ ẹnu férémù lápá òsì, mo fà á lọ síwájú, mo yí i ká ọ̀pá iwájú, mo fà á padà wá so mọ́ ẹnu férémù lápá ọ̀tún. Mo wá wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti ọ̀pá ìjókòó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Òsì jẹ́ 31.5 mm, ọ̀tún jẹ́ 31.0. Ìdajì mílímítà péré. Bó bá jẹ́ mílímítà kan, mà bá ṣì gbà á. Bó bá kọjá méjì, inú páálí rẹ̀ ni mà bá dá a padà sí. Ẹni tó jó férémù yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹni tó kùn ún ni mo bá wí. Ọ̀dà tó nípọn wà nínú ẹnu férémù lẹ́yìn, ní ojú ibi tí nọ́ọ̀tì àti wọ́ṣà ti ń tẹ̀ mọ́ ọn gan-an. Ọ̀dà máa ń fún pọ̀ bí agbára bá bà lé e. Ẹ lè lọ́ nọ́ọ̀tì dé ibi tó yẹ lónìí, kí ọ̀dà abẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lọ́la, kí nọ́ọ̀tì tó le lánàá sì ti dẹ̀ láìjẹ́ pé ó yí. Ìtàpá àkọ́kọ́ tó lágbára á fa ọ̀pá wíìlì síwájú lápá ọ̀tún, wíìlì á dà, ṣéènì á dẹ̀. Mo fi fẹ́níà wọn ibi tí wọ́ṣà bò, mo fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí i, mo sì fi abẹ ha ọ̀dà inú àmì yẹn nìkan kúrò, nínú àti lóde. Alumíníọ̀mù ni, nítorí náà mi ò bẹ̀rù ìpẹtà tó máa ń mú irin. Bó bá jẹ́ férémù irin, gíríìsì díẹ̀ ni mà bá fi pa ojú rẹ̀.

3. Wíìlì

Sípóòkù 32 ló wà nínú wíìlì kọ̀ọ̀kan. Mo de okùn pilásítíìkì kékeré mọ́ apá férémù, mo gé e kí orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ríìmù, mo sì yí wíìlì. Ti iwájú ń jó ní 0.6 mm sí ẹ̀gbẹ́, ti ẹ̀yìn ń jó ní 1.1 mm. Lẹ́yìn náà mo yọ wíìlì ẹ̀yìn, mo yí ojú rẹ̀ padà, mo tún un fi sí i, láti mọ̀ bóyá àárín ló wà lóòótọ́. Àárín náà ló wà. Wíìlì ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ pápá dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò dà bíi ti kẹ̀kẹ́ onísípírọ́kẹ́ẹ̀tì púpọ̀ tí sípóòkù apá kan ti le ju èkejì lọ. Bí èyí bá lè dúró, ó yẹ kó dúró fún ìgbà pípẹ́.

Ìjó yẹn kò dà mí láàmú tó ohun tí etí mi gbọ́. Mo ń fi èékánná ta sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ẹ̀gbẹ́ kan náà ó yẹ kí ohùn wọn sún mọ́ra. Lórí wíìlì ẹ̀yìn, àwọn kan ń dún tín-ín, àwọn kan ń dún gbùn-ún. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi mú ríìmù tọ́, kò sẹ́ni tó mú líle sípóòkù dọ́gba lẹ́yìn rẹ̀. Wíìlì tó tọ́ lójú tí líle sípóòkù rẹ̀ kò dọ́gba kò ní pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìjó, pàápàá lórí kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ ń fà síwájú tó tún ń fà sẹ́yìn.

Mo tú táyà, mo kán epo sí orí nípù (nọ́ọ̀tì kékeré tó di sípóòkù mọ́ ríìmù) kọ̀ọ̀kan. Mo kọ́kọ́ wá èyí tó dẹ̀ jù, mo lọ́ ọ ní ìdámẹ́rin ìyípo kan, mo dẹ èyí tó le jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Ohùn ni mo ń tẹ̀lé ní ìdajì àkọ́kọ́ iṣẹ́ náà, mi ò wo ìjó ríìmù rárá. Nígbà tí ohùn sún mọ́ra ni mo tó padà sí ìjó. Lẹ́yìn gbogbo àyíká kan, mo máa ń kó sípóòkù méjì-méjì sọ́wọ́ mo sì ń fún wọn pọ̀ gírígírí, kí èyí tó lọ́ bí okùn lábẹ́ nípù lè tú ara rẹ̀. Ní àkókò yìí ni gbogbo wọn ń dún pẹ́-pẹ́-pẹ́. Ìyẹn ni ìró tí à bá gbọ́ lójú pápá ká ní a gùn ún bẹ́ẹ̀. Ìjó ẹ̀yìn bọ́ sí 0.3 mm, iwájú sí 0.2.

Béárìn họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín wíìlì tí ọ̀pá gbà kọjá, ló kàn. Mo di ọ̀pá wíìlì mú láàárín ìka méjì, mo yí i. Ó ń rìn gbúgbúgbú, bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀. Kónù le jù, gíríìsì inú rẹ̀ kò sì ju ohun tí à bá fi pa ètè lọ. Mo tú u: bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, gbogbo wọn ṣì ń dán, ojú kónù kò tíì ní àpá. Mo nù ún, mo kó gíríìsì tuntun sí i, mo sì tún un ṣe. Ẹ ṣọ́ra níbí bó bá jẹ́ pé wíìlì onílẹ́fà, èyí tí a ń pa dé lọ́wọ́ kan, ló ti mọ́ yín lára. Lórí wíìlì yẹn, a máa ń fi ìmì díẹ̀ sílẹ̀ nínú kónù nítorí pé lẹ́fà á fún ọ̀pá náà pọ̀ nígbà tó bá pa dé. Lórí ọ̀pá onínọ́ọ̀tì, kò sí ohun tó máa fún un pọ̀. Ìmì tí ẹ bá fi sílẹ̀ ni ìmì tí ẹ máa bá lójú pápá.

4. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn àti lọ́kìríìnì

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti wo kẹ̀kẹ́ tuntun yín kí ẹ tó wo ibòmíràn.

Họ́ọ̀bù pápá tòótọ́ ní àtẹ̀gùn ìlọ́ méjì. Èyí tó tóbi, tó sún mọ́ inú, ni ti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì: ó fẹ̀ ní íǹṣì 1.37, ó ní ojú ìlọ́ 24 nínú íǹṣì kan, ọwọ́ ọ̀tún la sì ń lọ́ ọ sí. Èyí tó kéré, tó wà lóde, ni ti lọ́kìríìnì: íǹṣì 1.29, ojú ìlọ́ 24, ọwọ́ òsì la ń lọ́ ọ sí. Bí ẹsẹ̀ bá fà sẹ́yìn, sípírọ́kẹ́ẹ̀tì á fẹ́ tú. Bó ṣe ń fẹ́ tú yẹn ló ń ti lọ́kìríìnì, títì yẹn ló sì ń mú lọ́kìríìnì le sí i, nítorí pé ọwọ́ tirẹ̀ yàtọ̀. Àwọn họ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ní ìlọ́ fíríwíìlì nìkan, tí wọ́n á fi òrùka béárìn ìdí kíráǹkì ti sípírọ́kẹ́ẹ̀tì pa lórí rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ni méjèèjì ń lọ́ sí. Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ bá fà sẹ́yìn gidi, méjèèjì á jọ tú papọ̀. Bí ẹ ò bá rí àtẹ̀gùn kékeré yẹn lára họ́ọ̀bù yín, ẹ má gun kẹ̀kẹ́ náà láìní fíríwíìlì àti bíréèkì.

Tèmi ní àtẹ̀gùn méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ní ìlọ́ fíríwíìlì lásán ní ìkejì. Ìyẹn dára. Ohun tí kò dára ni pé lọ́kìríìnì tú nígbà tí mo fi sípánà oníkọ́ kàn án fẹ́rẹ́. Kò sí gíríìsì lórí ìlọ́ rárá. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ le díẹ̀, àmọ́ pàṣán ṣéènì yọ ọ́ láìsí wàhálà, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ti yọ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ le rí mọ̀ pé kò yẹ kó rọrùn bẹ́ẹ̀.

Mo fi aṣọ nu ojú ìlọ́ títí ó fi ń dán, mo wò ó lábẹ́ iná: kò sí eyín ìlọ́ tó ti yẹ̀. Mo fi gíríìsì pa á, mo fi ọwọ́ lọ́ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé títí dé ìdí, mo sì fi pàṣán lọ́ ọ le. Ọgbọ́n kan wà tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ pápá mọ̀ dáadáa, pé kí a wé ṣéènì yí ìdí férémù ká, kí a sì fi wíìlì fúnra rẹ̀ ṣe ọwọ́ sípánà. Ó ń ṣiṣẹ́, agbára rẹ̀ pọ̀ ju ti pàṣán lọ fíìfíì. Agbára yẹn gan-an ni mo sá fún: ó lè fa ojú ìlọ́ họ́ọ̀bù ya, ṣéènì sì lè jẹ alumíníọ̀mù férémù bí aṣọ tí a tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ bá sún. Lórí férémù irin mà bá ṣe é. Lórí èyí, mo fi pàṣán ọlọ́wọ́ gígùn ṣe é, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹsẹ̀.

Lọ́kìríìnì tó bá a wá jẹ́ alumíníọ̀mù, ihò tí kọ́ sípánà ń wọ̀ lára rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí láti ìgbà tí mo tú u. Mo fi ti irin rọ́pò rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo pààrọ̀ lára kẹ̀kẹ́ yìí, òun ni owó rẹ̀ kéré jù, òun ni mi ò sì lè gùn láìpààrọ̀. Mo lọ́ ọ dé nǹkan bíi 40 Nm.

Mo mú kẹ̀kẹ́ jáde lẹ́yìn náà, mo tẹ̀ ẹ́ gidigidi láti ìdúró lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn òmíràn, láìfi ẹsẹ̀ fà sẹ́yìn rárá. Ìtẹ̀ yẹn ń lọ́ sípírọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé ju bí ọwọ́ ṣe lè ṣe é lọ. Bó bá wọlé díẹ̀ sí i, àlàfo á yọ láàárín òun àti lọ́kìríìnì. Àlàfo yẹn ló ń pa họ́ọ̀bù: sípírọ́kẹ́ẹ̀tì á máa lọ síwá-sẹ́yìn nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá yí èrò padà, títí ojú ìlọ́ á fi jẹ. Nígbà tí mo padà fi sípánà oníkọ́ sí i, lọ́kìríìnì tún gba ìdámẹ́jọ ìyípo kan gbáko. Ẹni tí kò bá padà síbi yìí lẹ́yìn ìtẹ̀ àkọ́kọ́ kò tíì parí iṣẹ́.

5. Ìlà ṣéènì

Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú àti ti ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wà lójú ìlà kan náà. Lórí kẹ̀kẹ́ pápá, 42 mm láti àárín férémù ni ìwọ̀n tí wọ́n ń tọ́ka sí. Ọ̀pá ìjókòó fẹ̀ ní 31.8 mm, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 15.9, láti ojú ọ̀pá dé àárín eyín iwájú jẹ́ 27.6. Àròpọ̀ rẹ̀: 43.5 mm. Lẹ́yìn, ìdajì 120 jẹ́ 60. Láti inú ẹnu férémù dé àárín eyín jẹ́ 18.5, ó ku 41.5. Ìyàtọ̀ mílímítà méjì.

Lórí kẹ̀kẹ́ ojoojúmọ́, mílímítà méjì kò jẹ́ nǹkan kan. Níbí, ó ń pariwo, ó ń jẹ eyín ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì ń fún ṣéènì láyè láti gun orí eyín lọ́jọ́ tó bá dẹ̀.

Mo yọ kíráǹkì. Béárìn ìdí kíráǹkì jẹ́ oníkátíríìjì (èyí tí wọ́n dì pa, tí a kì í tú inú rẹ̀), ti onígun mẹ́rin lórí, ó gùn ní 110.5 mm. Kí n tó ronú nípa gígùn rẹ̀, mo kọ́kọ́ wo irú orí onígun mẹ́rin tó jẹ́, nítorí irú méjì ló wà, JIS àti ISO. Bí a bá fi kíráǹkì ISO sórí ọ̀pá JIS, yóò jókòó síta ní nǹkan bíi 4.5 mm, a ó sì máa wá ẹ̀bi kiri níbi tí kò sí. JIS ni méjèèjì. Mo wá fi béárìn onígígùn 107 mm rọ́pò rẹ̀. Ìyàtọ̀ 3.5 mm ni, ìdajì rẹ̀ ló ń bọ́ sí apá ọ̀tún, ìyẹn 1.75. Lẹ́yìn tí mo lọ́ kíráǹkì le, mo wọ̀n ọ́n: 41.8 níwájú, 41.5 lẹ́yìn. Ààyè tó kù láàárín sípírọ́kẹ́ẹ̀tì àti apá férémù ìsàlẹ̀ jẹ́ 2.5 mm, kò kan ara wọn bí mo tilẹ̀ dúró lé pẹ́dáálì.

Ẹ rántí pé ọwọ́ òsì la ń lọ́ béárìn náà sí lápá ọ̀tún férémù. Lápá òsì, ọwọ́ ọ̀tún ni. Férémù alumíníọ̀mù kì í dárí ji ẹni tó bá fi agbára lọ́ ọ sí ọwọ́ òdì.

6. Ibi tó le, ibi tó dẹ̀

Mo fa wíìlì sẹ́yìn, mo lọ́ nọ́ọ̀tì, mo yí pẹ́dáálì díẹ̀díẹ̀, mo sì ń fi ìka gbé àárín ṣéènì sókè-sódò. Ní ibì kan ó mì ní 6 mm. Nígbà tí kíráǹkì yí ìdajì, ó mì ní 19. Ṣéènì tó ń mì ní 19 mm lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní fíríwíìlì lè bọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ bá fà sẹ́yìn.

Mo gbìyànjú ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe: mo fa wíìlì sẹ́yìn sí i títí ibi tó dẹ̀ fi dára. Ibi tó le wá le ju bó ṣe yẹ lọ. Wíìlì kò yí fàlàlà mọ́, béárìn ìdí kíráǹkì ń kérora. Mo tú u padà.

Ṣéènì kọ́ ló ní ẹ̀bi. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú ni kò jókòó sí àárín kíráǹkì. Bóòtù márùn-ún ló dè é mọ́ kíráǹkì, lórí àyíká 144 mm, ihò bóòtù sì máa ń ní ààyè díẹ̀. Ààyè díẹ̀ yẹn ló di ìyàtọ̀ 13 mm lórí ṣéènì. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kò sídìí láti ju kíráǹkì nù. Mo dẹ bóòtù márààrún, kì í ṣe dé ibi tí sípírọ́kẹ́ẹ̀tì á máa mì, bí kò ṣe dé ibi tí ìlù kékeré lè sún un. Mo yí kíráǹkì dé ibi tí ṣéènì ti le jù, mo fi ọwọ́ sípánà lu orí ṣéènì fẹ́rẹ́ láàárín. Ó sún. Mo yí i, mo tún wá ibi tó le jù, mo tún lù ú. Lẹ́yìn náà mo lọ́ bóòtù le ní àgbékọjá, ọ̀kan síhìn-ín, ọ̀kan sọ́hùn-ún, mo sì tún wọ̀n ọ́n: 10 níbi tó le, 14 níbi tó dẹ̀. Kò lè dọ́gba pátápátá, nítorí ọ̀pá onígun mẹ́rin náà ní àìtọ́ kékeré tirẹ̀. 10 sí 14 tó mi.

Mo pààrọ̀ ṣéènì náà. Èyí tó bá kẹ̀kẹ́ wá ń lọ́ sí ẹ̀gbẹ́ jù, oríkèé méjì nínú rẹ̀ sì gan. Oníwọ̀n kan-lórí-mẹ́jọ íǹṣì ni mo fi sí i, èyí tó bá ìpọn eyín mu.

Bí a ṣe ń fa wíìlì: ẹ má fà á ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ń de nọ́ọ̀tì ọ̀tún díẹ̀, mo ti ríìmù sí òsì, mo de nọ́ọ̀tì òsì, mo dẹ ọ̀tún, mo ti ríìmù padà sí àárín. Wíìlì á máa rìn sẹ́yìn ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, ṣéènì á sì dúró níbi tí a fẹ́. Mo lọ́ nọ́ọ̀tì méjèèjì dé 38 Nm.

7. Iye eyín

48 lórí 16 jẹ́ 3 géérégé. Táyà 700×23C ń rin nǹkan bíi mítà 2.1 ní ìyípo kan, nítorí náà ìyípo pẹ́dáálì kan ń gbé wa lọ ní mítà 6.3. Bí ẹsẹ̀ bá ń yí ní ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú kan, kìlómítà 34 ní wákàtí nìyẹn. Ní 100, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 38. Fún ìdánrawò àti fún ẹni tó ń kọ́ pápá, ó dára. Fún ìdíje, ó fúyẹ́. 49 lórí 15 á gbé 100 yẹn dé kìlómítà 41. Nígbà tí Filippo Ganna, agunkẹ̀kẹ́ ará Ítálì, gun kìlómítà 56.792 láàárín wákàtí kan ní Grenchen ní Switzerland lóṣù kẹwàá ọdún 2022, eyín 65 ló wà níwájú rẹ̀, 14 lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Ganna kì í ṣe ohun tí a ń rà mọ́ kẹ̀kẹ́.

Àléébù kan wà nínú 3 géérégé yẹn. Bí ẹ bá ń dá kẹ̀kẹ́ dúró nípa dídá ẹsẹ̀ dúró gbọnyin kí táyà fi họ ilẹ̀, ẹsẹ̀ tí ẹ fẹ́ràn á wà níwájú nígbà gbogbo, ojú kan ṣoṣo lára táyà ni yóò sì máa họ. Lórí 49 àti 16 tí kò ṣeé dín kù, ojú 16 ni yóò pín in. Lórí 46 àti 16, ojú mẹ́jọ. Lórí fẹ́lódíróòmù, kò sẹ́ni tó ń họ táyà, nítorí náà mo fi 48 sílẹ̀ fún ìgbà yìí. Ẹni tó máa lò ó níbòmíràn kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀.

Pípààrọ̀ eyín kan máa ń sún ọ̀pá wíìlì ní nǹkan bíi 3 mm nínú ẹnu férémù. Tèmi wà ní àárín, ààyè sì wà níwájú àti lẹ́yìn.

8. Iwájú àti ìjókòó

Béárìn ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dẹ̀; mo tún un ṣe. Bóòtù mẹ́rin tó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú kò le bákan náà, ọ̀kan tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo wọn bọ́ sí 5 Nm. Orí bàtà mi ń kan táyà iwájú bí mo bá yí ọwọ́ púpọ̀ pẹ̀lú pẹ́dáálì níwájú. Férémù pápá kúrú níwájú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é, kò sì sí ìyànà kankan lórí pápá tó gba kí a yí ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀. Níbi tí a ti ń gbé kẹ̀kẹ́ yí padà lẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nìkan ló ti lè bi èèyàn ṣubú. Ìjókòó le bí òkúta. Ìjókòó ìdíje náà ni.

9. Bíréèkì

Kò sí ihò bíréèkì nínú fọ́ọ̀kì, kò sì yẹ kó wà: lórí fẹ́lódíróòmù, bíréèkì jẹ́ èèwọ̀, nítorí ẹni tó bá dá dúró lójijì níwájú àwọn tó ń tẹ̀lé e gan-an ló máa dá ìjàǹbá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé kẹ̀kẹ́ yìí kì í ṣe ti títì. Ẹ má lu ihò sínú fọ́ọ̀kì káàbọ̀nù tí wọn kò ṣe fún un. Bí ẹ bá fẹ́ gùn ún lójú títì, ẹ wá fọ́ọ̀kì mìíràn tó ní ihò láti ilé iṣẹ́ rẹ̀.

10. Lójú pápá, àti àyẹ̀wò kejì

Kẹ̀kẹ́ náà dákẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kíyè sí nìyẹn, ìlà ṣéènì ló sì fà á. Ní ìyànà ó dúró lórí ìlà dúdú tí wọ́n fà sí ìsàlẹ̀ pápá láìjẹ́ pé mo ń bá ọwọ́ rẹ̀ jà. Nígbà tí mo dìde dúró láti tẹ̀ ẹ́, ìdí férémù kò sún sí ẹ̀gbẹ́. Bí mo bá fà sẹ́yìn, ìdáhùn rẹ̀ wá lójú ẹsẹ̀, kò sí ìró kékeré tó máa ń sọ pé sípírọ́kẹ́ẹ̀tì ń rìn.

Mo gbé e padà sórí àga iṣẹ́. Sípóòkù: ìjó ẹ̀yìn ṣì jẹ́ 0.3 mm. Nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn: ọ̀tún kò sún, òsì gba díẹ̀. Ṣéènì tuntun ti jókòó, ibi tó dẹ̀ ti di 16 mm. Mo fa wíìlì sẹ́yìn díẹ̀, ó padà sí 13. Bóòtù kíráǹkì gba díẹ̀ lápá òsì. Lọ́kìríìnì tún gba bíńtín, ó kéré púpọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Bó ṣe wà nísinsìnyí: férémù, fọ́ọ̀kì àti kíráǹkì dúró, mi ò ní wá òmíràn. Wíìlì dára lẹ́yìn tí ọwọ́ ti kàn án. Lọ́kìríìnì, ṣéènì àti béárìn ìdí kíráǹkì ni mo pààrọ̀. Sípírọ́kẹ́ẹ̀tì eyín 15 wà nílẹ̀. Mi ò ní gbé e wọlé títí lọ́kìríìnì yóò fi kọ̀ láti sún rárá bí mo bá fi sípánà kàn án lẹ́yìn ìgùn.